Àkọsílẹ̀ àìwá sílé-ìwé ti ìjọba England: ṣé ó lè sọ fún wa pé flu ti dé?

Ọ́fíìsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń gbé fóònù láàárọ̀ tí òbí bá pè pé ara ọmọ òun ò yá, èmi náà ni mo máa ń tẹ kóòdù “I”, ìyẹn àmì pé àìsàn ni kò jẹ́ kó wá, síwájú orúkọ ọmọ ọ̀hún. Gbogbo “I” wọ̀nyẹn ni iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ń kó jọ sórí ìkànnì wọn, mo sì máa ń yà síbẹ̀ dáadáa tí òtútù bá ti mú.

Ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní orúkọ tàbí ímeèlì. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, òfin ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé-ìwé tí ìjọba ń náwó sí ní England láti máa fi rẹ́jísítà wọn ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń gbé èsì rẹ̀ jáde nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé: alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, girama lọ́tọ̀, káńsù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àìsàn lọ́tọ̀ sí ọmọ tí wọ́n kó lọ ìsinmi. Mo lè to káńsù Southwark, Lewisham àti Greenwich síra, kí n wo ibi tí àìsàn ti ń gbéra. Ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣe é o; tábìlì yẹn fẹ̀ ju ojú fóònù lọ.

Ṣùgbọ́n “I” kò mọ ibà yàtọ̀ sí inú rírun. Ọmọ tó bá bì tàbí tó ṣu gbuuru gbọ́dọ̀ dúró sílé títí wákàtí 48 á fi kọjá lẹ́yìn tó bì kẹ́yìn, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ tí imú rẹ̀ kàn ń dà lè wá kàwé. Kòkòrò èébì kan ṣoṣo tó bá wọ kíláàsì á gbé ìlà iye “I” lọ sókè fíofío, flu ò sì tíì yọjú. Ẹ rántí December 2022: flu ń jà, strep A, kòkòrò tó ń fa ọ̀fun dídùn, náà ń jà, àyà gbogbo òbí ń já. “I” náà ni gbogbo rẹ̀. Èéfín ló ń fi hàn wá. Ohun tó ń jó, ó dọwọ́ ẹni.

Owó ìtanràn fún òbí tó bá kó ọmọ lọ ìsinmi nígbà tí ilé-ìwé wọlé ti wá di pọ́n-ùn 80 lórí òbí kan fún ọmọ kan, bẹ́ẹ̀ ni orí fífọ́ máa ń pọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ìsinmi bá ku ọ̀la. Ìyá kan pè mí pé ọmọ òun ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn èrò ọkọ̀ òfurufú lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ́fíìsì ló létí tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń kà á pọ̀ mọ́ ìròyìn flu tí UKHSA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àrùn tó ń ràn, ń gbé jáde ní Ọjọ́bọ̀. Àyẹ̀wò láàbù ló wà nínú ìyẹn, wọ́n sì pín in sí ọjọ́ orí. Lọ́pọ̀ ọdún, ara àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ti kọ́kọ́ ń pọ̀, kó tó kan àwọn àgbàlagbà. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fín àjẹsára flu sí imú àwọn ọmọdé láti 2013. Tí ìlà méjèèjì bá jọ gòkè, mo ti mọ̀ pé ó ti dé nìyẹn. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, ikọ́ fée sì ń bá wọn fínra. Àwọn ọmọ á fọwọ́ kí wọ́n tó wọ yàrá màmá, a ò sì ní jẹ́ kí wọ́n gun orí bẹ́ẹ̀dì wọn mọ́.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni Kérésì. Ìgbà yẹn gan-an ni flu sábà máa ń gbóná jù, ilé-ìwé á sì ti tì, kò ní sí “I” kankan láti kà.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Bí wọ́n bá lè ya “I” sí méjì, ibà àti ikọ́ sápá kan, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru sápá kejì, kí wọ́n sì máa gbé e jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, màá fún wọn ní márààrún.