Rọ́bà, pọ́ǹpù àbí síríǹjì: èwo ni kí ẹ rà láti fi yọ afẹ́fẹ́ inú kílọ́ọ̀ṣì nílé?

Bí pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì bá rọ̀ bíi tìmùtìmù, tí jíà ń ké bí ẹ bá fẹ́ wọ ríbáàsì, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń wà nínú ọìlì rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, ọìlì kò ṣeé fún. Ẹ tẹ pẹ́dà títí, sílíńdà ìsàlẹ̀ tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì kò ní rìn tó. Ẹni tó ń ti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà, tó ń pààrọ̀ jíà lórí àwọn òkè yẹn, á tètè mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀.

Rọ́bà àti igo lásán. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Kí rọ́bà náà hàn gbangba, kó fún nípù (ẹnu kékeré ara sílíńdà ìsàlẹ̀ tí a ń tú kí ọìlì lè jáde) dáadáa, kí ẹnu rẹ̀ kejì rì sínú ọìlì tó wà nínú igo. Sípánà 8, 10 tàbí 11 ló máa ń bá nípù mu. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ló ń ṣe é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń bá mi jókòó nídìí pẹ́dà, ní àgbàlá wa ní Parakin.

"Tẹ̀ ẹ́, dì í mú."

"Ó ti délẹ̀, sà!"

Màá tú nípù díẹ̀, ọìlì á tú jáde tòun ti hóró afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́, màá dì í padà, kí n tó ní kó gbẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbẹ́sẹ̀ kí n tó dì í, nítorí fóònù rẹ̀ dún. Gbogbo afẹ́fẹ́ tá a ti lé jáde ló padà wọlé.

Rọ́bà oní-fáàfù. Ẹni tó ń dá gbé lèyí wà fún. Fáàfù rẹ̀ ń jẹ́ kí ọìlì jáde, kì í jẹ́ kó padà. Ẹ fẹnu fẹ́ ẹ wò níwájú ẹni tó ń tà á: bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ọ̀nà méjèèjì, ẹ dá a padà.

Pọ́ǹpù afàmu ọlọ́wọ́. Òun ló wuyì jù lójú, tòun ti géèjì rẹ̀. Èmi náà rà á. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi ń fà á, hóró afẹ́fẹ́ ò tán, mo ti ń ronú pé sílíńdà ti bàjẹ́. Àṣé ìdí nípù tí mo tú ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé! Gíríìsì díẹ̀ tí mo fi yí ìdí nípù náà ká ló gbà mí. Ó wúlò, àmọ́ mi ò ní fi owó mi àkọ́kọ́ rà á.

Síríǹjì ńlá. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún kílọ́ọ̀ṣì. Òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ gbà, ẹ̀yin náà ẹ ti ọìlì tuntun láti nípù ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ fa ọìlì àtijọ́ kúrò nínú agolo òkè tí ọìlì kílọ́ọ̀ṣì máa ń wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kún àkúnya, yóò sì bó ọ̀dà mọ́tò. Bí kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì bá jọ ń lo agolo kan, ẹ má fà á gbẹ, kí afẹ́fẹ́ má lọ wọ bíréèkì.

Ẹ̀rọ tó ń ti ọìlì láti òkè wà pẹ̀lú. Ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá agolo yín mu, ẹ má sì fẹ́ ẹ kọjá 15 psi. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní mọ́tò púpọ̀.

Ní ti ọìlì, ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí agolo òkè ni kí ẹ tẹ̀ lé; DOT ni wọ́n fi ń pe oríṣi ọìlì náà. DOT 3 tuntun kì í hó kó tó dé 205°C, DOT 4 kì í hó kó tó dé 230°C. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́n, wọ́n lè hó láti 140 àti 155. DOT 5 oní-sílíkónì kò gbọ́dọ̀ pàdé wọn, 5.1 yàtọ̀ sí i. Agolo kékeré tí wọn ò tíì ṣí ni kí ẹ rà, torí ọìlì náà ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe gba èyí tí wọ́n bù sínú ike lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí pẹ́dà bá tún rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ má ra irinṣẹ́ mìíràn. Ẹ fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ pẹ́dà, kí ẹ sì wo ìdí sílíńdà ìsàlẹ̀. Bí ibì kan bá rin fún ọìlì, ibẹ̀ ló ń jò.