Monkey Island àtijọ́, ti 2009 àti ti 2022: èwo ni kí ẹ rà?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹni tó fẹ́ padà sí Monkey Island, géèmù kọ̀ǹpútà nípa àwọn ọlọ́ṣà orí òkun, lè gbà: flọ́pì 1990 (díìsìkì àtijọ́), Special Edition 2009 tó tún géèmù yẹn kan náà ṣe, àti Return to Monkey Island tó jáde ní 2022. Ti 2009 ni mo ní kí ẹ rà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gbá a ní kékeré nílé àwọn olùkọ́ nínú ọgbà Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ Guybrush Threepwood, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò fẹ́ nǹkan méjì ju kó di ọlọ́ṣà orí òkun lọ.

Flọ́pì kò gba àlàyé púpọ̀. Kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí kò ní ihò tí a ó kì í bọ̀. Páálí róbótó tún wà tó bá a wá: ẹ ó máa yí i títí ojú ọlọ́ṣà tó wà lára rẹ̀ yóò fi bá ti inú géèmù mu, kí ẹ tó rí ọdún tí ẹ máa tẹ̀ wọlé. Bí páálí bá ti sọnù, géèmù ò ní ṣí.

Ti 2009 ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí géèmù méjì ló wà nínú ẹyọ kan. Àwòrán tuntun ni, wọ́n tún orin Michael Land ṣe, òṣèré sì ń fi ohùn sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì F10, gbogbo rẹ̀ á padà sí ti àtijọ́ níbi tí ẹ dé gan-an. Ṣùgbọ́n ohùn kì í tẹ̀ lé yín lọ sí ti àtijọ́, kíkà ni ẹ ó máa kà.

Ìjà idà ni kí ẹ fi ohùn gbọ́. Èébú ni wọ́n fi ń jà á: ẹ bú ọlọ́ṣà, òun náà á fèsì, bí ọmọ Ifẹ̀ méjì tó ń dá ara wọn lóhùn lẹ́yìn ilé-ìwé. Èébú tí ẹ kò mọ̀, ẹ ó kọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó bú yín; èsì rẹ̀, ẹ ó kọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ẹ fi èébú náà bú. Bí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ Carla, ọ̀gá oní-idà, èébú tí ẹ kò gbọ́ rí ni yóò máa bú, síbẹ̀ èsì tí ẹ ti kọ́ náà ló máa mú un. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà ọmọ tí kò tíì yára kàwé yóò jèrè ohùn yẹn gan-an.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ti àtijọ́ ló borí. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́sàn-án tí ẹ fi ń pàṣẹ fún Guybrush wà nísàlẹ̀ níbi tí ojú ti lè rí wọn. Ní ti tuntun, wọ́n fara pamọ́, ẹ ní láti pè wọ́n jáde. Nínú ilé ìdáná SCUMM Bar, ilé ọtí inú géèmù náà, tí ẹyẹ kò fẹ́ kí ẹ mú ẹja, ìdúró díẹ̀ yẹn ti tó kí ẹyẹ padà. Ẹ tẹ F10 níbẹ̀. Irun Guybrush tuntun náà kò wù mí rárá, òru aláwọ̀ aró ti erékùṣù Mêlée Island sì dára jù ní ti àtijọ́. Ti tuntun ṣáà máa ń ta ẹni lólobó bí ọ̀nà bá dí, èyí sì dára fún ọmọdé.

Steam àti GOG, ìsọ̀ géèmù méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń tà á. Fún wa tí iná àti dátà kì í dúró sójú kan, GOG ni kí ẹ lọ: ẹ lè dáúnlóòdù rẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, kí ẹ fi sórí fláàṣì, kí ẹ sì gbé e wá sílé ní Lágere láìwá íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ti 2022 dára, Ron Gilbert, ẹni tó dá Monkey Island sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ló darí rẹ̀, ó sì ní ipele ìrọ̀rùn àti ipele líle. Ṣùgbọ́n ibi tí apá kejì ti 1991 parí sí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ra apá kejì yẹn, Special Edition rẹ̀ ti 2010. Nínú ìyẹn, ohùn lè bá àwòrán àtijọ́ rìn.