Síkáànù ìgúnpá nítòsí Tákíè: wọ́n yanjú inú, wọ́n fi òde sílẹ̀

Ẹni tó bá já bọ́ láti orí igi máńgòrò tàbí kajú ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀, X-ray ni wọ́n sábà kọ́kọ́ máa ń kọ fún un. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí eegun tó ṣẹ́ la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá. Àmọ́ X-ray kì í fi lígámẹ́ǹtì hàn, ìyẹn àwọn iṣan tó so eegun mọ́ eegun. Bí X-ray bá ní eegun pé, tí ìgúnpá ṣì ń fẹ́ yẹ̀ nígbà tí èèyàn bá fọwọ́ ti àga láti dìde, síkáànù ló kàn, ìyẹn irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún. Ilé síkáànù kékeré kan nítòsí Tákíè ń ṣe é.

Iṣan tó wà lápá inú, níbi tó kọjú sí ìhà, ni wọ́n mọ̀ ọ́n wò jù. Abẹ́ kókó eegun apá òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ so mọ́ eegun tó wà lọ́dọ̀ ìka kékeré. Ẹ̀ka iwájú rẹ̀ ló lágbára jù, òun ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ ìsàlẹ̀ ya síta. Orí ẹ̀rọ tó tẹ́jú ni wọ́n lò, kì í ṣe olórí rìbìtì tí wọ́n fi ń wo oyún, nítorí ti oyún kì í fi ohun tín-ín-rín tó sún mọ́ awọ hàn dáadáa. Wọ́n ní kí ìgúnpá tẹ̀ tó bí 30 dígírì, wọ́n wò ó nígbà tó sinmi, ẹnì kejì wá rọra ti ọwọ́ ìsàlẹ̀ síta kí wọ́n lè wọn àlàfo àárín eegun. Wọ́n ṣe ọwọ́ kejì bákan náà. Mo gbóríyìn fún wọn níbí gan-an: ìgúnpá ẹlòmíràn rọ̀ láti ilẹ̀, ìyàtọ̀ mìlímítà kan tàbí méjì péré là ń wá.

Iṣan tó pé máa ń funfun, ó ní ìlà wẹ́wẹ́ bíi fọ́nrán òwú tí wọ́n tò jọ. Bí orí ẹ̀rọ bá dagun díẹ̀, iṣan náà á dúdú bíi pé ó ti já. Ẹni tó ń ṣe é níbẹ̀ ń yí ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ títí funfun á fi padà. Ibi tó bá kọ̀ tí kò padà ló ń sàmì sí.

Apá òde ni wọ́n ti kùnà. Iṣan kan wà níbẹ̀ tó gba ẹ̀yìn orí eegun ọ̀dọ̀ àtàǹpàkò kọjá, tó lọ so mọ́ eegun kejì. Òun ló sábà máa ń já nígbà tí ìgúnpá bá yẹ̀, àìsí rẹ̀ ló sì ń mú kí ìgúnpá fẹ́ yẹ̀ lórí àga. Ẹni tó nílò síkáànù yìí jù lọ gan-an ni wọ́n sáré kọjá lórí rẹ̀! Ìwé èsì wọn kò dárúkọ iṣan kankan, “kò sí wàhálà” ni wọ́n kọ.

Ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin tí àgbàlagbà fà lọ́wọ́, tí kò lo apá náà mọ́, kò nílò ibẹ̀. Orí eegun rẹ̀ ló yọ díẹ̀ nínú iṣan tó yí i ká bí òrùka, dókítà sì sábà máa ń fọwọ́ dá a padà láìya àwòrán.

Bí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sórí ìwé pé kí wọ́n wo iṣan inú àti ti òde, ní ọwọ́ méjèèjì, kí wọ́n sì kọ èsì ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ti òde kò bá hàn kedere, ẹ béèrè MRI, ìyẹn ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì tó ń ya àwòrán inú ara.