Àlọ́ Àpamọ̀ Agatha Christie: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ìwé Tí Mo Kà àti Àwọn Fíìmù Tí Mo Wò

Ẹ̀dà Five Little Pigs, ìwé Agatha Christie, tí mo kọ́kọ́ ní kò ní ìparí. Mo rà á lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń pàtẹ ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀, ní ìlú Ìbàdàn, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tí ó tà á kò mọ̀, èmi náà kò sì mọ̀, pé àwọn ojú ìwé tí ó gbẹ̀yìn ti já dànù. Mo ka ìtàn obìnrin kan tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi pé ó fi májèlé pa ọkọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ayàwòrán, tí ó sì kú sí ẹ̀wọ̀n. Mo ka bí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe lọ bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Hercule Poirot ní ọdún 16 lẹ́yìn náà pé kí ó bá òun wá òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà jáde. Mo ka ẹ̀rí tí ẹni márùn-ún tí ó wà ní ilé náà lọ́jọ́ ikú yẹn fi ọwọ́ ara wọn kọ. Poirot pe gbogbo wọn jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ìwé sì tán.

Ó tó ọdún mẹ́sàn-án kí n tó mọ ẹni tí ó ṣe é. Fíìmù tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi ìwé náà ṣe ní ọdún 2003, èyí tí David Suchet ti ṣe Poirot, ni ó sọ ọ́ fún mi. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kò kún. Nígbà tí mo wá rí ẹ̀dà tí ó pé, tí mo sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ni mo rí i pé gbólóhùn tí ó tú àṣírí náà ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, nínú ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan fetí kọ́, tí mo ti kà tó ìgbà mẹ́ta, tí mo sì rò pé ó yé mi. Òǹkọ̀wé náà kò parọ́ kankan fún mi. Ìtumọ̀ tí mo fún ọ̀rọ̀ náà ni kò tọ́, òun náà sì ti mọ̀ pé ìtumọ̀ tí n óò fún un nìyẹn.

Ohun tí ó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí nìyẹn. Àlọ́ àpamọ̀ ni iṣẹ́ Agatha Christie. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó sọ ọ́ di fíìmù sì ti sọ ọ́ di àlọ́ àpagbè. Ẹni tí wọ́n bá pa á lálọ̀ọ́ pé òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò, kò ní ẹ̀sùn kankan nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé ẹ̀wà ni, nítorí tìróò tí wọ́n dárúkọ ni ojú dúdú tí ó wà lára ẹ̀wà. Wọ́n ti fún un ní ìdáhùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Bákan náà ni ó rí nínú ìwé Christie. Àlọ́ àpagbè dùn, ó sì ní orin, ṣùgbọ́n kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ olùgbọ́ ju pé kí ó gbe orin lọ.

Ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ 66 ni obìnrin yìí kọ, pẹ̀lú àkójọpọ̀ ìtàn kéékèèké 14, yàtọ̀ sí ìtàn àròsọ mẹ́fà mìíràn tí ó fi orúkọ Mary Westmacott kọ, èyí tí kò ní apààyàn nínú. Mo ti ka 41 nínú àwọn 66 náà. Ìlú Torquay ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1890, ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní ó sì ṣiṣẹ́ ní ibi ìpògùn ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti mọ májèlé: bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, bí ó ti ń pẹ́ tó kí ó tó ṣiṣẹ́, ohun tí ó lè bo ìkorò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìmọ̀ yìí wà nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, The Mysterious Affair at Styles, tí ó jáde ní ọdún 1920, ó sì tún wà nínú Five Little Pigs, níbi tí ìbéèrè pé ìgbà wo gan-an ni ayàwòrán náà mu májèlé ti gba ìrònú ju pé ta ni ó bu májèlé lọ. Mo mọyì rẹ̀ gidigidi pé ìkà inú ìwé rẹ̀ kì í ṣe idán. Ènìyàn lè tẹ̀lé e bí ẹní ń tẹ̀lé ìṣirò.

Ẹni tí ó bá ti bá Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, rìn rí, tí ó ti rí i bí ó ṣe ń fi ara rẹ̀ wewu, lè kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ Poirot ti falẹ̀ jù. Kí ó ní sùúrù. Àga ni ará Bẹ́ljíọ̀mù yìí ń jókòó sí, ìbéèrè ni ó ń béèrè, ìjà rẹ̀ sì wà nínú orí.

Miss Marple ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Christie. Àgbàlagbà obìnrin tí kò lọ́kọ rí ni, ó ń gbé abúlé St Mary Mead, ó ń fi òwú hun aṣọ, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí. Ọ̀nà tí ó ń gbà mọ apààyàn kò ṣàjèjì sí àwa tí ìyá àgbà tọ́ dàgbà: ìwà ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ á rán an létí ìwà ẹnì kan ní abúlé rẹ̀, bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ kan tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta ẹja, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti mọ ohun tí ẹni náà lè ṣe. Ìyá tí ó bí ìyá mi kò ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń mọ ẹni tí ó purọ́ nínú agboolé wa nìyẹn. Ẹ ka A Murder Is Announced, tí ó jáde ní ọdún 1950, ẹ óò rí ohun tí mo ń sọ.

Kì í ṣe gbogbo ìwé náà ni ó dára. Àwọn tí ó kọ nípa amí àti ọ̀tẹ̀ àgbáyé kò wọ̀ mí lára, Passenger to Frankfurt ti ọdún 1970 sì rẹ̀ mí débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e sílẹ̀ kí n tó parí rẹ̀. Nínú Postern of Fate, èyí tí ó kọ kẹ́yìn, tí ó jáde ní ọdún 1973, ọ̀rọ̀ ń yí po lójú kan náà, ó sì dùn mí láti kà á, nítorí ọwọ́ tí ó ti múná tẹ́lẹ̀ ni mo rí tí ó ti ń rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ẹ̀yà náà wà níbẹ̀, ẹni dúdú kan kò sì gbọ́dọ̀ fò ó. Ìwé tí gbogbo ayé mọ̀ sí And Then There Were None lónìí jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1939 pẹ̀lú àkọlé tí ó jẹ́ èébú sí ènìyàn dúdú. Àwọn ará Amẹ́ríkà kọ̀ àkọlé náà sílẹ̀ láti ọdún 1940, ṣùgbọ́n ó di àárín ọdún 1980 sí 1990 kí àwọn atẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó yọ ọ́ kúrò. Mo rí ẹ̀dà àtijọ́ kan rí, ara mi sì bù máṣọ. Síbẹ̀, ìtàn náà fúnra rẹ̀, ti ẹni mẹ́wàá ní erékùṣù kan tí wọ́n ń kú tẹ̀ léra wọn, kò ní ẹlẹgbẹ́ nínú gbogbo ohun tí mo kà ní irú ẹ̀ka yìí.

Ìtàn yìí kan náà fi ohun tí mo ń sọ nípa fíìmù hàn. Nígbà tí Christie sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní ọdún 1943, òun fúnra rẹ̀ yí ìparí padà kí ó má baà wúwo jù fún àwọn òǹwòran, fíìmù ti ọdún 1945 sì tẹ̀lé eré náà. Ó di ọdún 2015 kí BBC tó gbé e jáde ní apá mẹ́ta pẹ̀lú ìparí bí ó ti wà nínú ìwé, mo sì wò ó tán ní alẹ́ kan ṣoṣo.

Nínú ti Poirot, kò sí ẹni tí ó kọjá Suchet, ẹni tí ó ṣe é láti ọdún 1989 títí dé 2013, fíìmù 70 lápapọ̀. Ìrìn rẹ̀, irunmú rẹ̀, bí ó ṣe ń nu àga kí ó tó jókòó, gbogbo rẹ̀ ni ó bá ìwé mu. Ṣùgbọ́n nínú Five Little Pigs tí mo ti ń sọ bọ̀, wọ́n ní wọ́n yẹgi fún obìnrin náà dípò kí ó kú sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì yí ìfẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà ní padà sí ẹlòmíràn. Fíìmù náà rẹwà, ó pa mí lẹ́kún, síbẹ̀ ẹ̀rí tí mo fẹ́ láǹfààní láti yẹ̀ wò sá kọjá lójú mi bí ọkọ̀ ojú irin. Nínú ìwé, mo lè ṣí ojú ewé padà.

Murder on the Orient Express ti Sidney Lumet ní ọdún 1974, èyí tí Ingrid Bergman gba ẹ̀bùn Oscar fún, ṣì ni mo máa ń dá lábàá ju ti Kenneth Branagh ti ọdún 2017 lọ, nítorí Lumet fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ̀ọ̀kan láyè tí ó tó. A Haunting in Venice tí Branagh ṣe ní 2023 gbé ìtàn abúlé Gẹ̀ẹ́sì kan lọ sí Ítálì, ó sì fi ẹ̀rù òkú kún un. Kò burú fún ẹni tí ó fẹ́ fò láyà. Fún Miss Marple, Joan Hickson ni kí ẹ wá, ìwé 12 tí BBC ṣe láti ọdún 1984 sí 1992. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ITV ṣe láti ọdún 2004, nítorí wọ́n ń mú Miss Marple wọ inú ìwé tí kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀dà tí ó já náà ṣì wà. Ní oṣù tí ó kọjá ni mo fún àbúrò mi obìnrin, mo sì sọ fún un pé n kò ní fún un ní èyí tí ó pé títí yóò fi kọ orúkọ apààyàn náà sínú ìwé kékeré kan, pẹ̀lú gbólóhùn tí ó fi mọ̀ ọ́n. Ó ti fura sí ẹni mẹ́ta báyìí. Lánàá ó pè mí pé òun fẹ́ tún ẹ̀rí olùkọ́ obìnrin tí ó wà lára àwọn márùn-ún náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.