Káàdì pupa tí kò gbówó, àti éjẹ́ńtì tó gbowó mi

Mi ò kì í sáábà kọ ríbíù, èyí tí mo kọ kẹ́yìn ni ti blẹ́ńdà tí kò lè lọ ẹ̀gúsí, ṣùgbọ́n àwa tá a ní èèyàn ní Amẹ́ríkà kò kéré l'Ákùúrẹ́ níbí, owó tá a sì ń kó fún àwọn èèyànkéèyàn nítorí ìbẹ̀rù imigiréṣọ̀n ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Houston, Texas, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, ọ̀hún ni wọ́n bí àbígbẹ̀yìn sí. Físà tó fi wọlé ti kú tipẹ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ pé àwọn imigiréṣọ̀n Amẹ́ríkà ń kó àwọn tí kò níwèé wá gbóná ní 2025, oorun dá lójú mi, mo bá gba ọ̀dọ̀ éjẹ́ńtì kan lọ ní Ọba Adésidà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ọ́fíìsì ẹ̀ ní AC, àsíá Amẹ́ríkà wà lórí tébù, ó ní òun mọ ẹnì kan tó máa bá wa yọ orúkọ àbúrò mi kúrò nínú kọ̀ǹpútà wọn. ₦180,000 ló gbà. Ohun tí mo rí gbà ni fọ́ọ̀mù ojú ewé méjì tí ẹnikẹ́ni lè dáùnlóòdù lọ́fẹ̀ẹ́, ó fi bírò kọ orúkọ àbúrò mi sí i, orúkọ ọ̀hún gan-an ò tọ̀nà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ wá bá a.

Ọmọbìnrin kan tó ń tẹ̀wé ní kafé ní South Gate FUTA ló là mí lójú. Mo ní kó bá mi ṣe fotokópì fọ́ọ̀mù yẹn, ó wò ó, ó wo ojú mi, ó ní Mọ́mì, èló lẹ ra èyí? Mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run bù kún un, ó ní kí n jókòó. Ló bá ṣí ojú ewé Immigrant Legal Resource Center, iléeṣẹ́ kan tó wà ní California láti 1979, ó sì fi káàdì pupa kékeré kan hàn mí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó dáùnlóòdù ẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sórí páálí pupa, ẹ ó gé e, ó parí. Ojú kan sọ ẹ̀tọ́ yín fún yín. Ojú kejì lẹ máa nà sí àwọn imigiréṣọ̀n láì la ẹnu: pé ẹ ò fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan, wọn ò sì lè wọlé yín àfi tí wọ́n bá ní wárántì tí adájọ́ fọwọ́ sí, tí orúkọ yín wà lára ẹ̀, kí wọ́n tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

Adájọ́ o! Torí wárántì tí wọ́n sáábà ń mú rìn, òṣìṣẹ́ imigiréṣọ̀n ẹgbẹ́ wọn ló ń fọwọ́ sí i. Àtúnṣe kẹrin àti ìkarùn-ún sí ìwé òfin wọn ni wọ́n gbé káàdì yẹn kà, kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ló wà fún, èèyàn ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ibi tí káàdì yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Màmá wa wà lọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni bá ti kanlẹ̀kùn, màmá á ti pariwo pé ta nìyẹn, wọlé o, á ti máa wá omi tó máa bù fún àlejò. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìyàwó wa fi ń bẹ̀ wọ́n pé ẹ jọ̀ọ́ mà, inú ilé ni kẹ́ ẹ ti dáhùn, ẹ má ṣí i. Màmá ní ìwà ọ̀dájú nìyẹn, òun ò kọ́ ọmọ òun bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn kọ́ ni wọ́n wá kàn ṣá. Ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí níbi iṣẹ́ ni àwọn imigiréṣọ̀n ti mú àbúrò mi, ìta gbangba, kò sí ilẹ̀kùn kankan tó máa tì. Àmọ́ ó rántí káàdì. Ó dákẹ́, ó ní lọ́yà lòun fẹ́ bá sọ̀rọ̀, wọ́n gbé ìwé wá pé kó fọwọ́ sí i pé òun gbà láti padà sí Nàìjíríà, kò fọwọ́ sí i. Lọ́yà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé tó bá fọwọ́ sí irú ìwé yẹn pẹ́nrẹ́n, ó lè má fojú kan adájọ́ kankan tí wọ́n fi máa gbé e sínú bààlúù. Fún ìyẹn nìkan, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ìkan tí mo yọ, ti màmá ni.

Ọjọ́ méjì la ò mọ ibi tó wà. Ìjọba wọn ní ojú ewé kan tí wọ́n ń pè ní Online Detainee Locator System, ibẹ̀ ni ẹbí ti ń wá ẹni tí wọ́n mú. Tẹ́ ẹ bá ní nọ́ńbà A ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí imigiréṣọ̀n fi ń dá èèyàn mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí i sí, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ló gbọ́dọ̀ jẹ́, tí kò bá pé, ẹ fi òdo síwájú. Tẹ́ ò bá ní in, ẹ tẹ orúkọ, orúkọ ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé wọn mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ Yorùbá, ẹ ti mọ̀ pé ẹjọ́ dé. Ìyàwó wa tẹ Damilare, kò sí. Ó tẹ Oluwadamilare, kò sí. Ó ń sunkún lórí WhatsApp, aago méjì òru l'Ákùúrẹ́ níbí, NEPA ti mú iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi mo wọ yàrá màmá, mo fa àpótí irin jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wá fotokópì pásípọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ tí àbúrò mi gbà. Oluwadamilere! Ẹni tó bá a kún fọ́ọ̀mù ní kafé nígbà yẹn ló sọ a di e, a sì fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Mo pe lẹ́tà yẹn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ó jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù èèyàn yín sínú fóònù yín lónìí yìí. Tí ẹni tí wọ́n mú bá sì kéré sí ọdún 18, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, orúkọ ẹ̀ ò ní jáde níbẹ̀.

Ti lọ́yà ńkọ́? Ní kọ́ọ̀tù imigiréṣọ̀n, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà, àmọ́ ìjọba kọ́ ló máa sanwó ẹ̀. EOIR, àwọn tó ń bójú tó kọ́ọ̀tù yẹn, ní líìsì àwọn tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìkẹrin tí ìyàwó wa pè ló gbé ẹjọ́ wa, àwọn tó kù ní iṣẹ́ ti kún ọwọ́ àwọn. Òun ló bá wa tọrọ bọ́ǹdì, owó tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó fi èèyàn sílẹ̀ kí ẹjọ́ máa lọ, àjọ tí mo dá l'Ọ́jà Ọba ló lọ sí i, gbogbo ẹ̀ pátá. Àbúrò mi ti wà nílé, ẹjọ́ ṣì ń lọ. Òfin Vienna ti 1963, àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, tún fún un láṣẹ pé kí wọ́n fi tó kọ́ńsúlù Nàìjíríà létí, Atlanta ni ti àwọn ará Texas.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta làwọn ọmọ ò lọ sílé ìwé. Ó dùn mí ju ti bọ́ǹdì lọ, torí Texas yẹn gan-an lẹjọ́ Plyler v. Doe ti wá! Ìlú Tyler ní káwọn ọmọ tí kò níwèé máa san $1,000 lọ́dún, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní rárá ní 1982, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, pé ọmọ yòówù lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé ìwé ìjọba ọ̀fẹ́. Òótọ́ ni pé ní January 2025 wọ́n fagi lé ìlànà tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa mú èèyàn nílé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà mo lóye ẹ̀rù tó ba ìyàwó wa. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé ó lọ kọ orúkọ ẹni méjì míì sílẹ̀ nílé ìwé tó lè wá mú àwọn ọmọ relé.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ ò gùn. Ọmọ mi tó jáde ní FUTA ń ṣe másítà lọ́hùn-ún, DSO ilé ìwé ẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, ló ń bi ní gbogbo ìbéèrè, ọ̀fẹ́ ni, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ló lè ṣiṣẹ́ nínú ọgbà tí ilé ìwé bá wọlé, bó ṣe wà nìyẹn. Ní April 2025 tí wọ́n ṣàdédé pa rẹ́kọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́ nínú SEVIS, kọ̀ǹpútà tí ìjọba fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n tó dá a padà, DSO yẹn ló ń bá a wò ó lójoojúmọ́. Ìràwọ̀ márùn-ún. Àmọ́ DSO kì í ṣe lọ́yà o, ilé ìwé ló gbà á síṣẹ́.

Éjẹ́ńtì yẹn ò rí ìràwọ̀ kankan gbà. Mo kọjá níwájú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó síta ó ń jẹ bọ̀ọ̀lì, ó rí mi ó dìde, ó ní Mọ́mì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé Canada lẹ fẹ́ ṣe báyìí?