Bulọ́ọ̀gù ọ̀fẹ́ tàbí orúkọ ìkànnì tí a fowó rà: èwo ni kí aládìrẹ mú?

Ẹni tó ń pa àdìrẹ láró ní Òṣogbo, tó fẹ́ kí ará ìta rí ọjà òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà méjì ló wà fún un. Kó ṣí bulọ́ọ̀gù ọ̀fẹ́, bíi Blogger ti Google tàbí WordPress.com, tàbí kó ra orúkọ ìkànnì tirẹ̀, .com tàbí .com.ng, kó sì máa sanwó hosting, ìyẹn owó ibi tí ìkànnì náà ń gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọọdún. Mo ti lo méjèèjì.

Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ló borí, kò ní àríyànjiyàn nínú. Ní ti wàhálà, òun náà ni: ẹ ó kàn máa kọ̀wé lọ ni. Ìpolówó ńkọ́? WordPress.com a máa gbé ìpolówó sójú bulọ́ọ̀gù ọ̀fẹ́, ẹ ò sì lè mú un kúrò àfi tí ẹ bá sanwó. Oníbàárà á máa wo aṣọ yín, ọjà ẹlòmíràn á máa yọjú sí i.

Ti àdírẹ́sì ló yẹ ká fara balẹ̀ wò. Lórí bulọ́ọ̀gù ọ̀fẹ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn ló máa ń tẹ̀lé tiyín. Ó dà bí ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ní kó kọ orúkọ onílé sójú pátákó. Ọjọ́ tí onílé bá ní kó jáde, pátákó ò ṣeé gbé lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Nínú oṣù kẹjọ, ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun gan-an, tí àwọn àlejò ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè ra aṣọ, mo ṣí bulọ́ọ̀gù mi, ìlà kan péré ni mo bá: wọ́n ti tì í pa, wọ́n ní mo rú òfin. Òfin wo? Wọn ò sọ. Mo kọ̀wé sí wọn, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Àwọn àwòrán ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àdírẹ́sì yẹn ló dùn mí. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì, mo ti rán an mọ́ etí aṣọ tó ti dé Èkó àti Ìbàdàn. Oníbàárà kan pè mí, ó ní ṣé mo ti kógbá sílé ni.

Bí ẹ ò tilẹ̀ rú òfin kankan, iṣẹ́ náà lè sú ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Twitter ra Posterous, ilé-iṣẹ́ bulọ́ọ̀gù ọ̀fẹ́ kan, ní 2012. Ní 2013, ó tì í pa pẹ̀lú gbogbo bulọ́ọ̀gù inú rẹ̀.

Orúkọ tí ẹ bá rà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ hosting bá ń dà yín láàmú, ẹ ó kó ẹrù yín lọ sí òmíràn, ẹ ó darí orúkọ síbẹ̀, oníbàárà ò tiẹ̀ ní mọ̀. Aléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ bá gbàgbé owó ọdún, ẹlòmíràn lè rà á mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹni tó kàn fẹ́ máa kọ èrò ọkàn rẹ̀, ọ̀fẹ́ tó o. Ẹni tó ń tajà, kó ra orúkọ. Bí owó hosting ò bá tíì sí, Blogger máa ń gbà kí ẹ so orúkọ tiyín mọ́ bulọ́ọ̀gù ọ̀fẹ́ láìgba kọ́bọ̀, WordPress.com á ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó. Kí ẹ sì rí i pé ímeèlì tiyín ni wọ́n fi forúkọ ìkànnì náà sílẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó ń bá yín ṣe ìkànnì.