Pẹpẹ oníná LED fún cactus orí igi nígbà òtútù: ta ló yẹ kó rà á?

Bí ẹ bá ní yàrá kan nínú ilé tí kì í gbóná ju 13°C lọ nígbà òtútù, tí kì í sì í tutù ju 10°C lọ, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọ ibẹ̀, ẹ má wulẹ̀ náwó sí pẹpẹ yìí. Ẹ kó àwọn cactus yín lọ síbẹ̀, ẹ dín omi wọn kù, ó parí. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń móoru bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù títí tí yóò fi lọ, bí ilé tèmi ṣe rí, ẹ jókòó ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Irin fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ìpele mẹ́ta ló ní. Ọ̀pá iná LED méjì wà lókè ìpele kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ wọn sì funfun, kì í ṣe elésè àlùkò tó máa ń sọ pálọ̀ di ilé ijó. Ìbòrí ọ̀rá tó mọ́ gaara bá a wá, síìpù wà níwájú rẹ̀, aago kékeré kan sì wà lára wáyà tó ń tan iná tó sì ń pa á fúnra rẹ̀. Títò rẹ̀ kò le. Ìwé ìlànà inú rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, àwòrán ara páálí ni mo wò tò ó.

Ó yẹ kí n sọ irú cactus tí mo rà á fún, torí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti gbọ́ cactus, aṣálẹ̀ àti ẹ̀gún ni ọkàn wọn ń lọ. Rhipsalis, Epiphyllum, Schlumbergera àti Selenicereus tí mò ń wí yìí, igbó ni ilé wọn, orí ẹ̀ka igi ni púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé. Wọn kì í ṣe àfòmọ́ o. Àfòmọ́ a máa fa oje igi tó gbé e rù. Àwọn wọ̀nyí kàn fi gbòǹgbò di èèpo igi mú ni, omi òjò àti ewé jíjẹrà tó há sí ibi tí ẹ̀ka ti pàdé ni wọ́n ń jẹ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo cactus ti ṣẹ̀, àfi Rhipsalis baccifera nìkan tí ẹ tún lè bá nínú igbó Áfíríkà, ní Madagásíkà àti ní Sri Lanka láìjẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ló gbìn ín síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bó ṣe dé ọ̀hún. Ewéko tó ti mọ́ lára láti máa gbé abẹ́ ìbòòji báyìí kò nílò iná tó ń fọ́ni lójú. Wáàtì 20 tó wà lórí ìpele kọ̀ọ̀kan tó wọn.

Òtútù nìkan kọ́ ni wàhálà wọn. Lóòótọ́, yìnyín á pa wọ́n, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í fẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 10°C. Ṣùgbọ́n nínú ilé tó móoru, ohun mìíràn ló ń bà wọ́n jẹ́: ooru kì í jẹ́ kí wọ́n sùn, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n á sì fi dàgbà dáadáa kò sí, torí oòrùn ń tètè wọ̀. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, Epiphyllum á na ẹ̀ka gbọọrọ tó tín-ín-rín, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, dípò èyí tó fẹ̀ pẹlẹbẹ. Ibi tó bá ti tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ kì í fẹ̀ mọ́, bí oòrùn tilẹ̀ padà dé. Gígé ló kù. Ẹni tí kò bá fẹ́ èyí, àfi kó gbé wọn síbi tútù kí wọ́n sinmi, láàárín 10°C sí 13°C, tàbí kó fi wọ́n sílẹ̀ nínú ooru kó sì wá ìmọ́lẹ̀ fún wọn. Ti ìmọ́lẹ̀ yìí ni wọ́n ṣe pẹpẹ náà fún, ó sì ṣe é dáadáa.

Ẹ̀ka tí Epiphyllum oxypetalum mi yọ lábẹ́ rẹ̀ fẹ̀ bíi ti ìgbà ooru. (Òun ni èyí tí òdòdó rẹ̀ ńlá funfun ń là lóru, tí òórùn rẹ̀ ń gba ilé kan, tí yóò sì ti rọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà ooru ni ìyẹn, ẹ má retí rẹ̀ lábẹ́ iná.) Selenicereus anthonyanus, tí ẹ̀ka rẹ̀ ní eyín ńláńlá lọ́tùn-ún lósì, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òtútù dé, ṣe ni mò ń ká a padà kó má baà forí kan iná. Rhipsalis ló ní àkíyèsí díẹ̀. Àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tó sún mọ́ iná tó bíi 15 cm bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù fún un. Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí nǹkan bí 30 cm, ó padà tutù yọ̀yọ̀.

Ibi tí èmi àti àwọn tó ṣe é kò ti gbọ́ ara wa yé ni ti Schlumbergera, èyí tí wọ́n ń pè ní cactus Kérésìmesì. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára páálí, ó kún fún òdòdó, abẹ́ iná ló sì wà nínú àwòrán. Orí òkè ẹ̀bá òkun ní gúúsù-ìlà-oòrùn Bùràsíìlì ni ewéko yìí ti wá, òru gígùn ló sì fi ń mọ̀ pé àsìkò òdòdó tó. Ó ń fẹ́ òkùnkùn tó ju wákàtí 12 lọ lóru kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan léraléra, kó tó rudi. Bí ibi tó wà bá tutù dé nǹkan bí 13°C, ó lè rudi láìwo ti òru. Bó bá sì gbóná jù, òru gígùn pàápàá lè má ràn án lọ́wọ́. Ètò mẹ́ta péré ni aago pẹpẹ náà ní: wákàtí 8, 12 àti 16. Ẹni tó bá tò ó sí 16, ẹ̀ka lásán ni yóò máa wò títí òtútù yóò fi lọ. Ẹni tó bá tò ó sí 8 lè rí ìrudi, bí kò bá sí iná mìíràn tó ń tàn nínú yàrá náà lóru, àmọ́ wákàtí 8 kéré jù fún Epiphyllum tó wà nínú ooru. Aago kan ṣoṣo ló sì ń darí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Kí ni ì bá ná wọn láti fi tirẹ̀ sí ìpele kọ̀ọ̀kan? N kò gbé Schlumbergera tèmi débẹ̀ rárá. Ojú fèrèsé yàrá tí a kì í tan iná sí lálẹ́ ni mo gbé e sí nígbà tí ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, ibẹ̀ ló sì ti tanná. Bí ìrudi bá ti yọ, ẹ má gbé ìkòkò náà kiri mọ́, ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ fọ́ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìrudi náà kò ní pẹ́ máa já bọ́.

Àwọn Epiphyllum àdàpọ̀ olódòdó pupa àti olómi ọsàn, àti cactus mìíràn tó ń jẹ́ Disocactus flagelliformis, fẹ́ràn ìsinmi níbi tútù kí wọ́n tó tanná dáadáa. Wọ́n á dàgbà lábẹ́ iná yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òdòdó wọn lè dín.

Ìbòrí ọ̀rá yẹn, ẹ yọ ọ́ sọnù. Bí ẹ bá fa síìpù rẹ̀ pa, omi á máa kán sílẹ̀ láti òkè, èébu funfun á bo èèpo igi inú ìkòkò, ìdí ẹ̀ka á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àwọn cactus wọ̀nyí fẹ́ràn ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́ lóòótọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ni wọ́n mọ̀ lórí igi. Nínú ìhámọ́ yẹn náà ni mo ti rí kòkòrò funfun tó ń rọ̀ mọ́ oríkèé ẹ̀ka bí òwú. Mo fi òwú tí mo tẹ̀ bọ sípíríìtì nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáànù kékeré kan tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ náà wúlò ju ìbòrí lọ.

Gbogbo iná rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ wáàtì 60, nítorí náà wákàtí 12 lójúmọ́ kò ju kílówáàtì-wákàtí 0.72 lọ, kò burú. Ohun tó burú ni pé bí iná mànàmáná bá lọ, aago náà á gbàgbé ohun gbogbo. Ìgbàkígbà tí iná bá dé, ìbáà ṣe ọ̀gànjọ́ òru, ni yóò máa kà sí àárọ̀. Mo ti ra aago mìíràn tó ní bátìrì nínú, òun ni mo ń lò báyìí. Ìpele òkè tún máa ń gbóná ju ti ìsàlẹ̀ lọ díẹ̀, èyí sì wúlò fún Selenicereus.

Ní ti omi: cactus tó wà lábẹ́ iná kò sùn, ẹ má fi ìyà omi jẹ ẹ́. Mo máa ń bomi rin ín nígbà tí òkè ìkòkò bá gbẹ, mo sì máa ń da èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú àwo ìsàlẹ̀ nù, torí àwo tó bá pẹpẹ yìí wá kò ní ihò kankan. Èèpo igi, pẹ́láìtì (òkúta wẹ́wẹ́ funfun tó fúyẹ́) àti èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀ ni mo fi gbìn wọ́n, kí omi lè máa kọjá kíákíá.

Fún Rhipsalis, Selenicereus àti Epiphyllum oxypetalum nínú ilé tó móoru, mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tó jẹ́ pé Schlumbergera nìkan ló ní kò rí nǹkan kan fi pẹpẹ yìí ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì rà á, nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ má kó àwọn ẹ̀ka tó dàgbà lábẹ́ LED bọ́ sínú oòrùn lójijì, wọ́n á jóná. Abẹ́ ìbòòji ni kí wọ́n kọ́kọ́ wà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.